Ìwà Rere àti Ayọ̀: Ẹjọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ǹjẹ́ dandan ni kí oníwà rere ní ayọ̀?

Àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì ti jiyàn lé e lórí. Aristotle ní ìwà rere ni gbòǹgbò ayọ̀. Síbẹ̀ ó gbà pé bí àjálù ńlá bá dé bá ẹni rere ní ọjọ́ alẹ́, a kò lè pè é ní aláyọ̀ mọ́, bí kò tilẹ̀ di ẹni ègbé. Àwọn Stoic tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwà rere nìkan tó. Àwọn baba wa ní ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn. Wọn kò sọ pé ẹ̀ṣọ́ a máa lé ìyà lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á wo ènìyàn kan. Wọ́n kó Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ó sì ń darí iṣẹ́ ìjọ lẹ́bàá odò Ọya. Ní 1890, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí ó tó bí lọ́mọ dá púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n wọn kò ka ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó náà sí. Ó fi ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891.

Àwọn Stoic yóò ní kò pàdánù ohunkóhun. Èmi kò lè bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀ pàdánù nǹkan.

Ọmọ Ìkọ̀lé wà lára àwọn tí ó tún ẹjọ́ yìí gbé yẹ̀wò. A bí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi níbẹ̀ ní 1929. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1965 lórí iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà láti 1841 dé 1891, ó fún Crowther àti àwọn ọmọ Áfíríkà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ipò tí ó tọ́ sí wọn. Ní oṣù Kẹfà 2014, Justin Welby, tí ó jẹ́ olórí ìjọ Áńgílíkà nígbà náà, tọrọ ìdáríjì ní Canterbury nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ Crowther. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni Ajayi kú.

Àwọn àgbà ní, ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò suwọ̀n láàyè. Ṣé ère yìí wá ni ayọ̀ Crowther? Rárá. Ìyìn tí kò bá ẹni láàyè kò lè nu omijé rẹ̀. Ìwà rere kò ṣe ìlérí ayọ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Òtítọ́ tí ẹlòmíràn lè jẹ́rìí sí ni ó ń fi sílẹ̀. Ayọ̀ ọmọlúàbí wà lọ́wọ́ àwa tí a jọ wà láyé pẹ̀lú rẹ̀, gbèsè ọrùn wa sì ni. Àwọn ẹni rere ń bẹ ní ìlú wa lónìí. Ẹ má jẹ́ kí á dúró de òpìtàn kí á tó san án.