Igi Tó Ń Ré Òkun Kọjá: Ọjà Tí Òfin Bí

Òfin ni ó sọ igi Mississippi di iná mànàmáná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ka igi mọ́ àwọn ohun ìdáná tí a lè sọ dọ̀tun, nítorí pé igi mìíràn lè hù rọ́pò èyí tí a gé. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Drax ní Yorkshire yí ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò lórí èédú sí igi.

Igi tútù kò ṣeé kó lọ jìnnà, nítorí pé owó ọkọ̀ omi inú rẹ̀ ni olówò yóò máa san. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ ẹ́, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ di hóró líle. Síbẹ̀, owó ìrànwọ́ tí aráàlú ń san mọ́ owó iná ni ó mú èrè wọ inú òwò náà.

Enviva, tí ó ń ṣe hóró igi jù lọ lágbàáyé, ti fọwọ́ sí iye kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìnáwó ga, gbèsè bò ó. Ó gba kóòtù lọ ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Ní Gloster, Mississippi, Drax san owó ìtanràn mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là nítorí afẹ́fẹ́ búburú tí ó tú jáde kọjá òdiwọ̀n.

Ní ọdún 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé owó ìrànwọ́ náà yóò dín kù sí bí ìdajì láti ọdún 2027. Ọwọ́ tó ń fúnni ní í lékè: Gloster ni ó ń mí èéfín, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń pinnu bí ọjà yóò ti pẹ́ tó.