Ẹrù tí àwọn ìyá wa rù kí ààlà tó dé

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn gun òkè Ṣábẹ àti àwọn òkè Ìdáàṣà lónìí lè rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹsẹ̀ ni àwọn baba àti ìyá wa fi ṣòwò, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi sá àsálà.

Alájàpá tó ń ti Kétu lọ sí Abẹ́òkúta kì í ṣàdédé gbé ẹrù. Òṣùká ló kọ́kọ́ ń ká, aṣọ tàbí ewé ni, kí ẹrù má baà dun orí, kó sì jókòó dáadáa. Ẹrù tó bá wà láàárín orí gan-an, ọrùn àti ẹ̀yìn tó nà ló ń gbé e. Èyí tó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan yóò tètè rẹ ènìyàn. Inú akèrègbè ni omi ń wà, torí ó fúyẹ́. Àádùn, ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan tí a fi epo pò, ni oúnjẹ ọ̀nà: kò sí pé à ń dáná. Àkùkọ ìdájí ni wọ́n fi ń gbéra. Bí oòrùn bá mú, wọ́n á sinmi lábẹ́ igi. Wọn kì í dá rìn, torí ajínigbé pọ̀ lọ́nà láyé ogun.

Ìmọ̀ yìí gbani lọ́jọ́ ìṣòro. Ní 1886, ogun Dàhómì fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Abomey. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin, àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé, ọ̀nà tó lé ní 60 kìlómítà, tí odò Ouémé sì wà láàárín. Wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó.

Ṣùgbọ́n ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fẹnu kò lórí ààlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé; Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ti Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà ọjà àná wá di ọ̀nà fàyàwọ́. Nígbà ogun 1914 sí 1918, tí Faransé ń fi agbára kó àwọn ọ̀dọ́ ṣe sójà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kétu, Ṣábẹ àti Ọ̀họ̀rí sá kọjá sí Nàìjíríà. Ẹni tó mọ ọ̀nà igbó, tó mọ ohun tó yẹ ní rírù àti ohun tó yẹ ní fífi sílẹ̀, òun ló rọrùn fún láti lọ.

Ẹ̀yin tó ń gun òkè, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ẹ dín ẹrù kù. Ohun tó wúwo jù nínú àpò, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀yìn yín. Ẹ gbé omi tó pọ̀, ẹ tètè gbéra, ẹ má dá lọ. Kí ẹ tó gun òkè kankan, ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀, torí òkè mìíràn ní ojúbọ.

Mọ́tò àti ọ̀kadà ti jẹ́ kí a gbàgbé orúkọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ wa. Àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ìyá àgbà yín lónìí: ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà lọ sọ́jà, ibo ni wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, kó má baà sọnù.