Ta Ló Se Oúnjẹ Palermo?

Ẹ ti íyàpíìsì bọ etí, ẹ jẹ́ ká lọ. Ìlú tá a fẹ́ dé lónìí ni Palermo, olú ìlú Sicily, erékùṣù ńlá tó wà nísàlẹ̀ Ítálì, nínú òkun Mẹditaréníà.

Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ ìlú yìí sórí fóònù yín, nǹkan mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ jáde: ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dán yinrinyinrin, oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì, àti fàájì òru. Mi ò bá ìkankan jà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ta ló se oúnjẹ yẹn? Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ alásè, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ìlú náà ti ń ta ni lára.

Ọdún 831 ni àwọn Mùsùlùmí tó gba ojú òkun wá láti Àríwá Áfíríkà ṣẹ́gun Palermo. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 973, arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Ibn Hawqal dé ibẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mọ́ṣáláṣí ìlú náà tó nǹkan bí 300. Ó tún bú àwọn ará ìlú: ó ní àlùbọ́sà tútù tí wọ́n ń jẹ ní gbogbo ìgbà ló kú wọn lọ́pọlọ. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ń ṣàríwísí oúnjẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀!

Ní 1072, àwọn ará Normandy, Kìrìsìtẹ́nì tó wá láti àríwá Faransé, gba ìlú náà. Wọ́n dé Roger Kejì ládé níbẹ̀ ní 1130. Ọba yìí ò lé àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí. Ó gbà wọ́n síṣẹ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn, al-Idrisi, parí ìwé kan nípa gbogbo ilẹ̀ ayé fún un ní 1154. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ní Trabia, tí kò jìnnà sí Palermo, wọ́n ń ṣe oúnjẹ oníyẹ̀fun kan, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sí ilẹ̀ Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì. Ìyá sùpàgẹ́tì nìyẹn. Àwọn kan ń sọ pé Marco Polo ló gbé e wá láti Ṣáínà, ṣùgbọ́n ó ku 100 ọdún gbáko kí wọ́n tó bí Marco Polo.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nínú ààfin Roger, Cappella Palatina lorúkọ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi góòlù ni wọ́n tò sára ògiri rẹ̀ bí àwọn Gíríìkì ṣe máa ń ṣe é. Igi ni àjà rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí ló sì ṣe é. Ẹni tó bá gbójú sókè dáadáa á rí àwòrán àwọn tó ń mutí, tó ń lu ohun èlò orin, tó ń jó. Fàájì òru rèé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ọba!

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń polówó ìrìn-àjò fi máa ń pe Palermo ní ìlú ìrẹ́pọ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Frederick Kejì, ọmọ ọmọ Roger yìí kan náà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Mùsùlùmí Sicily kúrò nílé wọn láti àwọn ọdún 1220, tó ń kó wọn lọ sí Lucera, lórí ilẹ̀ Ítálì lọ́hùn-ún. Ní 1492, ọba Spéìn tó ń jọba lé Sicily lórí pàṣẹ pé kí àwọn Júù náà kó jáde. Wọ́n lé alásè, wọ́n sì jókòó ti ìkòkò.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí dòní. Panelle wà: wọ́n á ro ìyẹ̀fun irú ẹ̀wà kan lórí iná, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á dín in, wọ́n á wá fi sáàárín búrẹ́dì. Ẹni tó bá ń fi búrẹ́dì jẹ àkàrà láàárọ̀ ò ní ṣàjèjì níbẹ̀. Àwọn ará ìlú gbà pé ọwọ́ àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ti kọ́ ọ. Pani ca meusa náà wà, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n fi ọlọ inú àti fùkù màlúù sí. Wọ́n ní àwọn Júù alápatà ló dá a sílẹ̀, torí ẹ̀sìn wọn ò jẹ́ kí wọ́n gba owó iṣẹ́ ẹran pípa, inú ẹran ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n sì ń tà. Lónìí, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in, ohun tí Júù olùfọkànsìn ò lè fẹnu kàn.

Alásè kan wà tí wọn ò lé. Benedict lorúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí Sicily. Kò mọ̀wé kà. Nígbà tó wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Francis ní Santa Maria di Gesù, ilé ìdáná ni wọ́n fi í sí. Ó di olórí ilé náà, lẹ́yìn náà ó padà sídìí ààrò. Ó kú ní 1589, Palermo sì sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn aláàbò ìlú kí Róòmù tó kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1807. Àwọn èèyàn dúdú ní Brazil náà gbà á ní tiwọn. São Benedito ni wọ́n ń pè é.

Ó yá, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ jẹ́ ká lọ sí Vucciria. Ọjà ẹran àti ẹja ni látijọ́. Àwọn ẹlẹ́ja máa ń da omi sílẹ̀ débi pé, bí ará Palermo bá fẹ́ sọ pé nǹkan ò ní ṣẹlẹ̀ láéláé, á ní ó di ọjọ́ tí ilẹ̀ Vucciria bá gbẹ. Lónìí, ọ̀dọ́ ló ń kún ibẹ̀ lóru, pẹ̀lú ọtí lọ́wọ́, orin ń ké, èéfín ìfun ọ̀dọ́ àgùntàn tí wọ́n ń yan sì gba gbogbo ojúde.

Àmọ́ fàájì yẹn ní owó orí lábẹ́lẹ̀. Pizzo ni wọ́n ń pè é, owó tí Máfíà ń fipá gbà lọ́wọ́ oníṣọ̀ọ̀bù, bí àwọn àgbèrò ṣe ń gbà á ní gáréèjì tiwa. Ní 2004, àwọn ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ ṣí ilé ọtí jókòó ṣe ìṣirò owó, wọ́n rí i pé àwọn náà máa san án. Dípò ìyẹn, wọ́n lẹ bébà káàkiri ìlú lóru, pé àwọn èèyàn tó ń san pizzo ti sọ iyì nù. Bí ẹgbẹ́ Addiopizzo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní 2016, wọ́n yìnbọn fún ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gambia kan ní àdúgbò ọjà Ballarò. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn oníṣọ̀ọ̀bù kan, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Bangladesh, lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n dárúkọ àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ láti ṣe, àlejò ló ṣe é.

Ballarò yẹn kan náà làwọn ọmọ Nàìjíríà ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn láti Ìpínlẹ̀ Edo. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń tajà, wọ́n ń dirun. Bí ìtàn bá tún ara rẹ̀ ṣe, ó lè jẹ́ pé ní 300 ọdún sí i, wọ́n á máa ta ọbẹ̀ wọn fún àlejò gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ Palermo. Ọbẹ̀ yẹn ò já mi láyà. Ohun tí mò ń wò ni bóyá ẹni tó sè é á ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé àti ìwé ìgbélùú rẹ̀, láti bù ú.

Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń palẹ̀ mọ́ fún Sicily, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.