Ọ̀rọ̀ Kan, Ẹgbẹ̀ta Ìtumọ̀: Ìtàn “Run” Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ pàdé “run” nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, “sáré” ni olùkọ́ sábà máa ń fi túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kà á pé odò “run”, pé ẹ̀rọ “run”, pé obìnrin kan “run” ilé ìtajà, àti pé ọkùnrin kan “run” fún ipò ààrẹ. Bí ó bá fi “sáré” túmọ̀ gbogbo wọn, àwọn tí ó gbọ́ yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Ìtumọ̀ kan ni wọ́n fún un, wọn kò sọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ọ̀rọ̀ náà kò sì yàtọ̀ sí ìtàn àwọn tí ó ni ín.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ England ní 1066. Àgbẹ̀ àti darandaran ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń sọ ọ́ nígbà náà, ohun tí ojú wọn sì ń rí lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ń pè: ẹsẹ̀ ènìyàn tàbí ti ẹran tí ń sáré, omi àti ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn. Yorùbá ya ìwọ̀nyí sọ́tọ̀. Odò kì í sáré lẹ́nu Yorùbá, ṣíṣàn ni ó ń ṣàn. Gẹ̀ẹ́sì kó wọn sábẹ́ òrùlé kan, nítorí pé ìrìn tí kò dúró ni ó rí nínú gbogbo wọn. Èrò yìí ni gbòǹgbò. Lára rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ka yòókù ti yọ.

Nígbà tí òwò gbilẹ̀ ní London, ọ̀rọ̀ náà bá àwọn oníṣòwò wọ ilé owó. Bí ẹ̀rù bá ba àwọn tí ó fi owó pamọ́ sí báńkì, tí gbogbo wọn sì rọ́ lọ gba owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà, “run” ni wọ́n ń pè é. Báńkì England, tí a dá sílẹ̀ ní 1694, kò tíì pé ọdún méjì tí irú rẹ̀ fi dé bá a ní 1696. Ní oṣù kẹsàn-án 2007, ó tún ṣẹlẹ̀ sí báńkì Northern Rock. Àwọn oníbàárà tò gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan kò sáré nínú wọn, síbẹ̀ “run” náà ni orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ayé ẹ̀rọ dé. Nígbà tí a ṣí ojú irin Liverpool sí Manchester ní 1830, “run” ni ọkọ̀ náà ń ṣe láàárín ìlú méjèèjì, bí Yorùbá ti ń sọ pé ọkọ̀ kan ń ná Ìbàdàn sí Èkó. Láti orí ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sórí ẹni tí ń mú un ṣiṣẹ́, ó sì ti ibẹ̀ dé orí ẹni tí ń ṣe àkóso ilé iṣẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi kún un: ẹni tí ń du ipò níbẹ̀, “run” ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ó dúró ni. Ọ̀kan ń sáré, èkejì dúró, ibi kan náà ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó bá ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀, ó sì gbà á lò.

Kíka ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Olùkọ́ ilé-ìwé ni James Murray ní Mill Hill, nítòsí London, nígbà tí ó gba iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ ńlá ti Oxford ní 1879. Ó kọ́ ahéré onípáànù kan, ó sì bẹ gbogbo ẹni tí ń kàwé pé kí wọ́n máa da gbólóhùn tí wọ́n bá rí kọ sínú ìwé pélébé ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n rò pé ọdún mẹ́wàá yóò tó. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, “ant” ni wọ́n dé. Murray kú ní 1915. Ìwé náà parí ní 1928. Nígbà tí àwọn arọ́pò rẹ̀ tún un ṣe, Peter Gilliver lo nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lórí “run” nìkan, ìtumọ̀ 645 ni ó sì rí fún un.

Ẹni tí ó bá fi èyí bú Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ́kọ́ wo ilé. Yorùbá ń pa ẹran, ó ń pa iná, ó ń pa àṣẹ, ó ń pa àlọ́. Àlejò tí wọ́n bá kọ́ pé pípa ni gbígba ẹ̀mí yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àlọ́ ṣe. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843 ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké báyìí ti ń yọ àwọn atúmọ̀ èdè lẹ́nu. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ kan, kí ó fi gbólóhùn kọ́ ọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò fi iṣẹ́ tí ó wá ṣe hàn.