Róbọ́ọ̀tì tó ń para dà di ọkọ̀: Kí ló dé tí àgbàlagbà ń jiyàn lórí ìṣeré ọmọdé?

Ní Dichemso, àdúgbò kan nílùú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghánà, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí n'Ìbàdàn, Cotonou àti Lomé, róbọ́ọ̀tì oníke tó ń para dà di ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ ọmọdé. Bí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá bá ń bọ̀, òbí á ra ọ̀kan, ọmọ á tẹ apá rẹ̀, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, róbọ́ọ̀tì á sì di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kó tó di ọjọ́ kẹta, oríkèé kan lè ti yọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé irú ìṣeré yìí kan náà ní àwọn àgbàlagbà tó ń kó o jọ bí ẹni tó ń kó iyùn jọ. Wọ́n ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ra èyí tó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí páálí rẹ̀ rí, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí bí orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti táyà rẹ̀ ṣe yẹ kó rí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọdé. Iṣẹ́ méjì tí kò bára mu ni wọ́n gbé lé ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́: kó jọ ọkọ̀ tòótọ́, kó sì jọ ènìyàn tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Ohun tí a bá fi kún ọ̀kan, lára èkejì la ti yọ ọ́.

Ibo ni wọ́n ti wá?

Orúkọ tí ayé mọ̀ wọ́n sí jù ni Transformers, ilé iṣẹ́ Hasbro ní Amẹ́ríkà ló sì sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1984. Ṣùgbọ́n Hasbro kọ́ ló bí wọn. Ilé iṣẹ́ Takara ní Jápánì ló ń tà wọ́n tẹ́lẹ̀, lábẹ́ orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni Diaclone, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1980. Ọkọ̀ àti róbọ́ọ̀tì ni wọ́n, pẹ̀lú awakọ̀ kékeré tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ tó ń jókòó sínú wọn. Èkejì ni Micro Change, tó jáde lọ́dún 1983. Àwọn ti Micro Change ń di ohun tí a lè bá nínú ilé: ìbọn ìléwọ́, rédíò kásẹ́ẹ̀tì, àní kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Lọ́dún 1983 ni àwọn òṣìṣẹ́ Hasbro rí wọn níbi ìpàtẹ ohun ìṣeré nílùú Tokyo. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n, wọ́n da ìdílé méjèèjì pọ̀, wọ́n sì wá ìtàn fún wọn. Marvel, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìtàn aláwòrán, ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún. Jim Shooter ló kọ ìpìlẹ̀ ìtàn náà, Denny O'Neil ló fún olórí wọn ní orúkọ Optimus Prime, Bob Budiansky ló sì sọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù lórúkọ, tó tún fún olúkúlùkù ní ìwà tirẹ̀. Báyìí ni ohun tó jẹ́ ẹ̀rọ lásán ní Jápánì, tí ènìyàn ń wọ̀ tó sì ń wà, ṣe di ẹ̀dá alààyè láti ayé mìíràn, tó lè bínú, tó lè ṣàánú, tó sì lè kú.

Àwọn nìkan kọ́ ló wà lọ́jà. GoBots ti ilé iṣẹ́ Tonka, tí ìpìlẹ̀ tirẹ̀ náà wá láti Jápánì, ti ṣáájú wọn dé orí àtẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1984 kan náà. Nígbà tó di 1991, Hasbro ra Tonka tán. Ní Nàìjíríà, Voltron ni ọ̀pọ̀ ẹni tó dàgbà pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n NTA yóò kọ́kọ́ rántí, ṣùgbọ́n irú tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: kìnnìún márùn-ún tó ń so pọ̀ di jagunjagun kan ni.

Ọkọ̀ tí kò ní orí

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, kó wo Ironhide àti Ratchet. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré ti Nissan ni ohun ìṣeré àwọn méjèèjì lọ́dún 1984. Nítorí pé Diaclone ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, tí awakọ̀ yóò jókòó sínú wọn, kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n nílò orí. Àga ló wà níbi tó yẹ kí orí wà, pẹ̀lú ojú tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé àlẹ̀mọ́. Nígbà tí eré kátúùnù wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ayàwòrán fún wọn ní orí, ojú àti ẹnu tó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ti wo tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n wá ra Ironhide fún, yóò máa wá orí tí kò sí.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Àwọn kan sọ pé ohun ìṣeré ni àgbà, kátúùnù ni àbúrò, nítorí náà bó ṣe jáde láti Jápánì ló tọ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tí àwọn mọ̀ tí àwọn sì fẹ́ràn ni èyí tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, pé ohun ìṣeré tí kò bá jọ ọ́ ti kùnà. Àwọn kẹta kò tilẹ̀ ka èyíkéyìí sí: ọkọ̀ tòótọ́ ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì ka iná ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Takara bẹ̀rẹ̀ Masterpiece lọ́dún 2003, tó jẹ́ ẹ̀yà olówó gọbọi tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà, wọ́n gbìyànjú láti tẹ́ wọn lọ́rùn. Ironhide ti Masterpiece ní orí.

Èyí tó tún le jù ni ohun tí a ó fi àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá ti di ènìyàn. Ilẹ̀kùn á rọ̀ sí èjìká bí ìyẹ́, táyà á so mọ́ orúnkún, ìdajì òrùlé á wà lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Kibble ni àwọn olólùfẹ́ ń pe irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ tí kò wúlò fún róbọ́ọ̀tì mọ́, ó sì wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò bí tuntun bá jáde. Àwọn ayàwòrán kan máa ń ká a wọnú àyà àti itan. Àwọn mìíràn máa ń ṣe ènìyàn pípé, wọn á wá fi gbogbo ara ọkọ̀ bò ó lórí, bí ìjàpá àti karawun rẹ̀.

Ṣé irú èyí para dà lóòótọ́, àbí aṣọ ló gbé wọ̀? Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó bá ti wo eégún apidán rí, tó rí i bó ṣe di ère tàbí ọ̀ọ̀nì láàárín agbo, mọ̀ pé aṣọ ni. Síbẹ̀, bí aṣọ náà ṣe yí láìjẹ́ kí ojú rí ibi tó gbà yí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó jọ pé ibẹ̀ náà ni ẹwà ohun ìṣeré yìí wà.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ máa ń tọ́ka sí pé ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ni Shoji Kawamori, ọmọ Jápánì tó wà lára àwọn tó ya àwòrán Diaclone. Òun náà ló ṣe ọkọ̀ òfurufú ogun inú eré Macross ọdún 1982, èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ méjèèjì ń di ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì láìsí ohun tó ń rọ̀ dirodiro. Ohun ìṣeré yẹn gan-an ni Hasbro tà lọ́dún 1985 pẹ̀lú orúkọ Jetfire. Kawamori máa ń fi búlọ́ọ̀kù Lego to èrò rẹ̀ pọ̀ kó tó di iṣẹ́, kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ bóyá oríkèé náà á yí tàbí kò ní yí.

Ìbọn, ìnàkí àti ọkọ̀ Ìjàpá

Òfin ìlú pẹ̀lú dá sí i. Megatron, olórí àwọn ọ̀tá, jẹ́ ìbọn ìléwọ́ Walther P38 lọ́dún 1984, ó sì jọ ìbọn tòótọ́ débi pé ó lè kó ọmọdé sí wàhálà. Lọ́dún 1988, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí ẹnu ìbọn ìṣeré ní àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀ kedere. Nígbà tí Megatron tún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ti di ọkọ̀ ogun. Àwọn kan gbà pé èyí dára jù, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè bí róbọ́ọ̀tì gàgàrà ṣe ń kéré débi tí ẹlòmíràn fi ń gbé e lọ́wọ́.

Ní 1996, Beast Wars dé, olórí àwọn ẹni rere sì di ìnàkí. Ariwo sọ. Gbólóhùn kan di àpárá láàárín àwọn olólùfẹ́ títí di òní: tírélà ni, kì í ṣe ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n oríkèé àwọn ẹranko wọ̀nyí ń yí sí gbogbo ọ̀nà ju ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́ lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pariwo ló sì gbà nígbà tó yá pé àwọn ló gba orúkọ Transformers lọ́wọ́ ikú.

Fíìmù Michael Bay ti ọdún 2007 dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Optimus Prime inú rẹ̀ ní ẹ̀yà tó lé ní 10,000 lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ike kankan tó lè ká bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya iná sára ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní ètè, inú sì bí àwọn àgbà. Bumblebee, tó jẹ́ Volkswagen tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó lọ́dún 1975, di Chevrolet Camaro. Nígbà tí fíìmù tirẹ̀ jáde lọ́dún 2018, ó ti padà di Ìjàpá.

Kò yẹ kí a fojú kéré bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ wọ́n lára tó. Nínú fíìmù ọdún 1986, wọ́n pa Optimus Prime kí àyè lè ṣí fún ohun ìṣeré tuntun. Àwọn ọmọdé sunkún nínú sinimá, àwọn òbí kọ lẹ́tà, wọ́n sì jí i dìde nínú kátúùnù lọ́dún 1987.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ ojúlówó?

Fún ẹni tó bá ń gbé ní Dichemso, ibí yìí ni owó ti ń bọ́ sọ́wọ́ tàbí tó ń bọ́ sọnù. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹni tó bá sì fẹ́ ojúlówó sábà máa ń ní láti ránṣẹ́ sí òkè òkun, kó san owó ọkọ̀ àti owó orí kó tó gbà á. Kò sì tuntun. Lọ́dún 1985 pàápàá, Hasbro ti ń lẹ àmì kékeré dúdú mọ́ ara wọn, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá fi ìka pa á tó gbóná, àwòrán Autobot tàbí Decepticon á jáde. Ìjà pẹ̀lú ayédèrú ni wọ́n fi ń jà.

Lóde òní, ara ike ni kí a kọ́kọ́ wò. Orúkọ Hasbro àti Takara Tomy (Takara àti Tomy ti di ilé iṣẹ́ kan láti 2006) máa ń wà lára ojúlówó ní lẹ́tà wínníwínní, pẹ̀lú orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Lára ayédèrú, wọ́n sábà máa ń pa á rẹ́. Ayédèrú mìíràn tóbi ju ojúlówó lọ, oríkèé rẹ̀ á le jù tàbí kó dẹ̀ jù, àṣìkọ á sì wà lára páálí. A kò lè sọ pé ẹni tó ra ayédèrú, tó mọ̀ pé ayédèrú ni, tó sì san owó ayédèrú, ṣe àìdáa sí ara rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ fi ṣeré kò bìkítà. Ẹni tó tà á ní iye ojúlówó ni ọ̀rọ̀ bá wí.

Ojúlówó fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun ayérayé. Oòrùn máa ń sọ ike funfun di yẹ́lò, nítorí náà kò yẹ kó wà lójú fèrèsé. Èyí tó burú jù ni àwọn ike aláwọ̀ wúrà kan tí wọ́n ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1980 títí wọ inú àwọn ọdún 1990. Ohun dídán tí wọ́n pò mọ́ ike náà mú kó di rírún bí ọdún ti ń gorí ọdún, bí wọn kò tilẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí rí. Ìdí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so oríkèé pọ̀ ló ti sábà máa ń sán. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Suame Magazine, ní Kumasi kan náà, tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀ tí wọ́n ń tún un tò, lè pààrọ̀ irin tó bá yọ. Ike tó ti ń rún kò ní àtúnṣe. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ máa ń yan ìrísí kan fún un, yálà ọkọ̀ tàbí róbọ́ọ̀tì, á gbé e sórí pẹpẹ, kò sì ní yí i mọ́.