Ìtọ́jú Ọ̀fẹ́: Bí Ó Ṣe Dé Ẹnu Ọ̀nà Wa ní Tógò

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a mú wá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Gbossimé, àdúgbò ọlọ́jà kan ní Lomé, olú-ìlú Tógò. Ìyá tí ń ta ata ní ọjà náà kò jìnnà sí ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, bí ara ọmọ rẹ̀ bá gbóná, ó lè kọ́kọ́ ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri. Kí ló fà á? Ó ń bẹ̀rù owó tí wọn yóò ní kí ó san. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn nìkan ni ó ń dènà ìtọ́jú. Àìlówó àti àìmọ̀ náà ń dènà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìtàn rẹ̀ ti lọ.

NÍGBÀ ÌGBÓNÁ

Àwọn àgbà mọ àrùn ìgbóná, tí wọ́n ń pè ní olóde. Ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó fọ́ ọ̀pọ̀ lójú. Ní ọdún 1967, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Tógò sì wà nínú rẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ náà ni ó lọ bá àwọn ènìyàn ní abúlé wọn. Kò sí ẹni tí ó san owó. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán ní gbogbo ayé.

NÍGBÀ TÍ A BẸ̀RẸ̀ SÍ Í SANWÓ

Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún náà, owó ìjọba dínkù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ilé ìtọ́jú wà, nọ́ọ̀sì wà, oògùn ni kò sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn mínísítà ìlera pàdé ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali. Wọ́n fẹnu kò pé kí aláìsàn máa san owó díẹ̀ lórí oògùn. Owó náà ni a ó fi ra òmíràn, àwọn ará ìlú ni yóò sì máa bójú tó o.

Ìpinnu yìí ní ire tirẹ̀. Oògùn padà sí ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó díẹ̀ náà ńkọ́? Ilé ni ó jókòó sí pẹ̀lú àìsàn rẹ̀.

OÒGÙN TÍ Ó WÁ BÁ WA NÍLÉ

Ẹ wo àrùn jàbùtẹ̀, èyí tí ń mú kí ẹsẹ̀ wú bí ẹsẹ̀ erin. Aràn kékeré ni ó ń fà á, ẹ̀fọn ni ó sì ń gbé e kiri. Ní Tógò, wọ́n ń pín oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún, fún aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni a kọ́ láti pín in láti ilé dé ilé. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé jàbùtẹ̀ kò tún jẹ́ ìṣòro fún ìlú ní Tógò mọ́. Tógò ni ó kọ́kọ́ ṣe èyí ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oṣù kejìlá ọdún 2004. Ìyá tí ó mú ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ èéyi gba àwọ̀n ẹ̀fọn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó rí àwọ̀n gbà.

ABOYÚN ÀTI ÌKÓKÓ

Tí ìbí bá le, tí ó di iṣẹ́ abẹ, owó ni ìdílé kọ́kọ́ ń wá kiri. Kí wọn tó rí i, ìyá tàbí ọmọ lè kú. Ní ọdún 2011, ìjọba Tógò gba ọ̀pọ̀ nínú ẹrù yìí. Nínú fránkì 10 tí iṣẹ́ abẹ náà ń ná ni, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san 9, ìdílé ń san 1.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba tún dá ètò Wezou sílẹ̀. Èdè Kabyè ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni èémí ìyè. A dá a sílẹ̀ láti ran aboyún àti ìkókó lọ́wọ́ lórí owó ìtọ́jú. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, adójútòfò ìlera fún gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí èésú: kálukú ń dá owó, ẹni tí ó bá ṣàìsàn ni a ń fi í tọ́jú. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹrù náà kò dá wà lórí ẹnì kan mọ́.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, tí ènìyàn sì mọ̀ pé ó wà. Ọ̀fẹ́ tí a kò mọ̀, bí ẹni pé kò sí ni.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ilé ìtọ́jú ìjọba kí àìsàn tó wọ̀ ara. Ẹ béèrè pé: "Èwo ni ọ̀fẹ́ níbí? Èwo ni a ń sanwó fún?" Aboyún, má dúró di ìgbà ìrọbí kí o tó lọ fi ara hàn. Ẹ tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ. Bí ẹ bá sanwó, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, ẹ ka ìkéde ara ògiri sí etí aládùúgbò tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́

1. Kí ni wọ́n pinnu ní Bamako ní ọdún 1987? Kí ni ire rẹ̀? Kí ni àbùkù rẹ̀?
2. Àwọn wo ni ó pín oògùn jàbùtẹ̀?
3. Ìtọ́jú wo ni ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìtọ́jú tí ó súnmọ́ yín? Ẹ lọ béèrè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀.