Pèrègún: Ẹlẹ́rìí Ààlà Tó Di Ẹ̀ṣọ́ Yàrá

Ọmọ wa tó bá lọ kàwé ní Paris tàbí ní Lyon lè wọ ilé ìfowópamọ́ kan, kí ó sì bá pèrègún nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Dracaena fragrans ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ẹni tó tà á mọ̀ pé kì í fẹ́ oòrùn gangan, pé omi àpọ̀jù sì ń ba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́. Kò mọ̀ pé igi yìí a máa jẹ́rìí nínú ẹjọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, nígbà tí ìdílé méjì bá pín oko, pèrègún ni wọ́n ń gbìn sójú ààlà. Ọ̀pá rẹ̀ tí a gé, tí a rì mọ́lẹ̀, yóò hù. Bí a bá bẹ́ ẹ lórí, yóò tún yọ ẹ̀ka. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ, ewé rẹ̀ gígùn ṣì ń tutù yọ̀yọ̀, a sì ń rí i lókèèrè. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé, àwọn àgbà yóò tọ ìlà pèrègún lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì yanjú. Igi kan náà ló ń dúró ní ojúbọ Ògún àti ní igbó eégún. Lójú tèmi, èyí wà lára ohun tó mú kí hínhú u kúrò lójú ààlà wúwo ju olè lásán lọ.

Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1762, ó sì pè é ní Aletris fragrans. Ní 1808 ni Ker Gawler kó o sínú ẹbí Dracaena. Fragrans túmọ̀ sí olóòórùn dídùn, nítorí òdòdó rẹ̀ tí ń là ní ìrọ̀lẹ́. Ilé onídíńgí tí a ń fi iná mú gbóná ni irú ewéko bẹ́ẹ̀ ń gbé ní Yúróòpù nígbà náà, olówó nìkan ló sì lè ní in. Ní 1829, Nathaniel Ward, oníṣègùn kan ní London, rí i pé ewéko hù nínú ìgò tí ó dé pa. Ní 1833, wọ́n fi àpótí onídíńgí tí ó kàn kó ewéko ránṣẹ́ sí Sydney, ó sì dé láàyè. Nígbà tí wọ́n fagi lé owó orí díńgí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1845, ewéko ilẹ̀ olóoru bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn mìíràn. Abẹ́ igi ńlá nínú igbó ni pèrègún ti wá. Òjìji yàrá kò ṣàjèjì sí i.

Lónìí, Costa Rica ń gbìn ín fún títà. Ọ̀pá tí wọ́n gé, tí kò ní gbòǹgbò, ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Yúróòpù, níbi tó ti ń hù. Agbára tó sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí lọ́dọ̀ wa náà ló sọ ọ́ di ọjà.

Orúkọ rẹ̀ kò bá ọjà náà lọ. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil ló gbé e lọ: nínú ilé Candomblé, peregum ni wọ́n ṣì ń pè é, ewé Ogum sì ni. Ní ìgboro, àwọn ará Brazil ń pè é ní pau-d'água, igi omi.

Ní 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi kálámù fa ààlà láàárín wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò gbin pèrègún sí i. Ní Benin lónìí, òfin ilẹ̀ ti 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ti fi ìwé ṣe ẹ̀rí onílẹ̀, òkúta sìmẹ́ńtì tí Faransé ń pè ní borne ni awọnlẹ̀ sì ń rì mọ́lẹ̀. N kò bá ìwé jà. Ìwé ń gba opó àti ọmọ òrukàn lọ́wọ́ alágbára. Ṣùgbọ́n òkúta kì í sọ ẹni tó bá ẹnì kejì ṣe àdéhùn. Níbi tí ìlà pèrègún bá ṣì wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé àti kálámù lọ kí awọnlẹ̀ tó dé, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà: ta ló gbìn ín, àwọn wo ló sì dúró tì í lọ́jọ́ náà?